Ọmọ tí Mo Gbé Kúrò Láyà Ìyá Rẹ̀

Èmi ni mo gbé ọmọ náà kúrò láyà ìyá rẹ̀, kì í ṣe ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí ìyàwó mi ní ọsibítù kan ní Èrúwà. Àkọ́bí wa ni. Nígbà tí wọ́n máa fi jẹ́ kí n wọlé, wọ́n ti gbé ọmọ náà lé e láyà níhòòhò, wọ́n fi ìró bo àwọn méjèèjì. Nọ́ọ̀sì ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e, kí a má sì wẹ̀ ẹ́ títí di ọjọ́ kejì, pé ara ìyá rẹ̀ ló ń mú un móoru. Ìyàwó mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo wọlé. Ojú tó fi ń wo ọmọ yẹn, kò fi wò mí rí láti ọjọ́ tí a ti ń fẹ́ra. Èmi tí mo fi ọ̀kadà gbé e la gbogbo kòtò ọ̀nà Lánlátẹ̀ kọjá, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni mo dúró sí bí ẹni tó ṣi yàrá wọ̀. Ṣọ́ọ̀lù tuntun tí mo rà ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi. Mo ń jowú ọmọ tí kò tíì pé wákàtí méjì láyé.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì jáde, tí oorun sì gbé ìyàwó mi lọ, mo yọ ọmọ náà wẹ́rẹ́. Ìyá mi wà níta pẹ̀lú ọṣẹ, kànìnkànìn àti omi gbígbóná nínú fúláàsì. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá bàbá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Wọ́n ti ń retí ọjọ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti gbéyàwó. Síbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ bi mí pé, “Ṣé nọ́ọ̀sì gbà?”

Mo ní ó gbà.

Wọ́n wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo fi ṣọ́ọ̀lù mi wé e, mo gbé e mọ́ra, inú mi dùn. Kò pẹ́ tí igbe rẹ̀ rẹlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Nọ́ọ̀sì padà dé, ó já a gbà lọ́wọ́ mi, ó tú ṣọ́ọ̀lù náà sílẹ̀, ó dá ọmọ padà sáyà ìyá rẹ̀. Ìyàwó mi ti jí, ó ti ń fọwọ́ wá a kiri orí bẹ́ẹ̀dì.

“Ta ló gbé ọmọ mi?”

“Ìyá mi ni.”

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi wà, wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n wò mí, wọ́n ká kànìnkànìn wọn sínú báàgì.

Ara ọmọ náà padà móoru. Adìyẹ ló ń lé kiri báyìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, tí ìyá mi bá ti nawọ́ pé kí ó gbé e wá kí àwọn wẹ̀ ẹ́, ìyàwó mi á ní òun ti wẹ̀ ẹ́ tán.

Oyún mìíràn ti dé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n rọra ní, “Ọkọ mi, tí ìyàwó wa bá bí eléyìí, ṣé ó máa jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́?” Mo ní màá bá a sọ ọ́. Láàárọ̀ yìí, mo rí kànìnkànìn tuntun lórí okùn aṣọ wọn. Gbólóhùn kan péré ni mo jẹ wọ́n, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ìyàwó mi.