Ìgbájú Àkọ́kọ́ ti Evaristo Onígbàjámọ̀

Evaristo Cencetti ló fá irùngbọ̀n bàbá mi, òun náà ló fá ti bàbá bàbá mi. Kò sì sí ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ rí nílùú Roccalbana tí kò gbọ́ nǹkan kan ṣoṣo tí ọkùnrin náà ń fẹ́ láyé. Kì í ṣe owó. Kì í ṣe ọmọ, àwọn tó bí ti tó o. Ìgbájú àkọ́kọ́ ló ń fẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú ògiri, ère òkúta kan wà níbẹ̀, orí àti àyà nìkan. Ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é. Wọ́n ní ọmọ àdúgbò Òòrẹ̀ ni, àwọn ọ̀tá wa tó wà lódìkejì títì, àti pé òun ló ṣí ibodè ìlú fún àwọn ọmọ ogun láyé àtijọ́, nítorí ewúrẹ́ méjì péré! Láti ìgbà náà, kò sí ọmọ àdúgbò tiwa, àdúgbò Lékeléke, tó máa kọjá tí kò ní gbá a létí. Ìyàwó tuntun á gbá a kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà wa náà ń gbá a, àfi pé òun máa ń kọ́kọ́ wo ọ̀tún, kó wo òsì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òkúta náà ń dán bí ẹyin, ṣùgbọ́n ìyókù ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, torí kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́ rí. Ta ní ń bọ́jú fún ọ̀tá?

Lọ́jọ́ ọdún San Donnino, ẹni mímọ́ ìlú wa, kí wọ́n tó ṣí wáìnì, ẹnì kan tí àdúgbò yàn ló máa gbá a ní ìgbájú àkọ́kọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń fo Evaristo. Lọ́dún yìí, wọ́n yàn án! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń fi ìrọ̀rí kọ́ṣẹ́.

"Kí ni ìrọ̀rí mi ṣe fún ẹ?" Ersilia ìyàwó rẹ̀ bi í. "Ọwọ́ tí kò lè pa ẹfọn, ó fẹ́ na òkúta."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọdún ni wàhálà dé. Arìnrìn-àjò kan, Sinyora Livia Marchesan láti Trieste, ló gba yàrá òkè lọ́wọ́ wọn. Kò sí ère àtijọ́ tí màmá yẹn rí tí kò ní ya fọ́tò rẹ̀. Evaristo wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá irùngbọ̀n Bàbá Tullio, olórí àdúgbò wa, ni wọ́n bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ha nǹkan níta. Wọ́n yọjú. Sinyora gbé abọ́ omi ọṣẹ kalẹ̀, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ fọ àyà Ọ̀dàlẹ̀.

"Sinyora! Kí lẹ ń ṣe fún un?"

"Mò ń wẹ̀ ẹ́ ni, kí fọ́tò lè mọ́. Ọ̀gá Evaristo, ẹ wá wo àyà rẹ̀!"

Lékeléke kan ni wọ́n gbẹ́ síbẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ sẹ́nu. Àmì wa! Èyí tó wà lára àsíá wa, èyí tí Evaristo fúnra rẹ̀ fín sí èjìká.

Sinyora ń fò sókè. "Ọmọ yín ni! Gbogbo ibi tí mo rìn dé, mi ò tíì rí irú eléyìí rí. Bàbá yín lẹ ń gbá létí láti ọjọ́ yìí!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀," Evaristo bẹ̀ ẹ́.

Bàbá Tullio di ojú pinpin. "Èmi ò rí nǹkan kan o. Ọṣẹ ti wọ̀ mí lójú."

"Bàbá, àgbọ̀n yín ni ọṣẹ wà."

"Mo ní ó ti wọ̀ mí lójú! Evaristo, gbọ́ mi dáadáa. Tí àwọn Òòrẹ̀ bá fojú kan ẹyẹ yẹn, kò sí ọdún, kò sí ìgbájú. Wá nǹkan ṣe sí i."

Evaristo rò ó wò. Kó dúró títí irun orí rẹ̀ fi tán, kí ẹyẹ òkúta wá gba ìgbájú mọ́ ọn lọ́wọ́? Ó kó ìpara irun jáde, ó lọ èédú mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun lékeléke náà.

"Kí nìyẹn?" Sinyora bi í.

"À ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni."

Ersilia fi ẹyẹlé sísun tó kún fún ólífì pa sinyora lẹ́nu mọ́.

Ọjọ́ ọdún dé, oòrùn sì yọ bí ẹni pé àwọn Òòrẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwọn náà ti tò sí òdìkejì láti yọ ṣùtì sí wa bí ìṣe wọn, Fosco alápatà ló ṣíwájú. Evaristo wọ kóòtù àrán bàbá rẹ̀. Ó gbọ́wọ́ sókè.

Ni ìpara bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ ló kọ́kọ́ yọjú. Lẹ́yìn náà, àgógó ẹyẹ.

"Ẹ dúró ná!" Fosco pariwo. "Kí ló wà lẹ́nu ẹyẹ yẹn? Yéè! Ọ̀dàlẹ̀ wọn, ọmọ wọn ni! Evaristo, gbá a! Gbá bàbá ẹ létí ká rí i!"

Àwọn Òòrẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, àwọn mìíràn jókòó sílẹ̀. Bàbá Tullio ń wo òfuurufú, bí ẹni tó ń retí òjò. Ọwọ́ Evaristo ṣì wà lókè.

Ó wá ti ọwọ́ kejì bọ àpò, ó fa ìgò lọ́fíńdà kékeré tó máa ń gbé kiri yọ, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì ra á, ó wá gbá ère náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún àti òsì, pá! pá!, bó ṣe ń ṣe fún gbogbo wa tó bá fá wa tán.

"Bàbá, ó ti parí," ó wí. "Ojú yín ti mọ́." Ó yíjú sí Fosco. "Ta ló sọ fún ẹ pé à ń nà án? Irùngbọ̀n là ń fá fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣé o rí irun kankan níbẹ̀?"

Áà! Ariwo tó sọ lọ́dọ̀ wa! Bàbá Tullio lanu, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, wọ́n sì ṣí wáìnì.

Ní báyìí, àwa Lékeléke ń fi lọ́fíńdà pa á lójú, ìyàwó tuntun ń fi tirẹ̀ pa á, gbogbo kọ̀rọ̀ náà sì ń ta sánsán. Àwọn Òòrẹ̀ ló ń yọ́ wá gbá a létí báyìí, wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ wa ni. Evaristo á sì bọ́jú fún un lẹ́yìn wọn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n délé lọ́jọ́ ọdún yẹn, Ersilia bi í pé, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé o padà gbá a, àbí o ò gbá a?"

Evaristo wo àtẹ́lẹwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì pọ́n kuku.

"Ti ọwọ́ ọ̀tún, lọ́fíńdà ni," ó wí. "Ti òsì, ìgbájú ni."