Ìlà Tí Àǹtí Mi Kò Sọ Fún Mi

Oníyìnyín ni wọ́n ń pe àǹtí mi níbi iṣẹ́, torí àpótí yìnyín kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ìyá mi ni, ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Kò lè rí mi kó má bá mi wí: bàtà mi dọ̀tí, irun mi kún, àgùntàn tí mò ń sìn mọ́ ju èmi alára lọ.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn tí eégbọn kó àrùn ràn, kó wá okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀. RNA gígùn ni wọ́n ń pè é. Okùn náà kì í kọ́ nǹkan kan sára; pàǹtírí làwọn ọ̀mọ̀wé kà á sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ wọn, wọ́n rí i pé ó máa ń pọ̀ lára ẹni tí àìsàn náà fẹ́ gbé lọ. Bó bá ti pọ̀, ìlà tí ẹ̀rọ ìdánwò ń fà lójú kọ̀ǹpútà á tètè gbéra sókè. Nọ́mbà nìkan ló wà lára ìgò ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í sọ èsì fún aláìsàn, torí ìwádìí ni, kì í ṣe ìtọ́jú.

Àfi bí eégbọn ṣe bù mí jẹ lábíyá níbi tí mo ti ń gé irun àgùntàn. Ibà dé, ó gbé mi fò. Ògiri wọ́ọ̀dù ń mí, fèrèsé ń lọ ń bọ̀, àwọn àgùntàn mi ń kọjá lókè àjà láìfọhùn. Àǹtí mi wọlé láàárín wọn, ó fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó kọ nọ́mbà sí i.

Lọ́jọ́ kejì ó padà wá, ó ń fọwọ́ pa mí lórí.

“Pẹ̀lẹ́, ọkọ mi. Ṣé o máa mu omi?”

Ẹ̀rù bà mí. Àǹtí mi, tí kò pè mí lọ́kọ rẹ̀ rí!

“Àǹtí, ìlà tèmi ńkọ́?”

“Nọ́mbà ni mo mọ̀. Mi ò mọ ẹnì kankan.”

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣìkẹ́ mi, tí mo fi ń sunkún sínú ìrọ̀rí. Mi ò fẹ́ kú. Ta ló máa mọ̀ pé àgùntàn mi tó ń tiro kì í mumi nínú korobá?

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tún fa ẹ̀jẹ̀ mi, ó gbé e lọ. Oòrùn ọ̀sán ti dé orí ìbora mi kó tó padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wò mí látòkè délẹ̀.

“Wo èékánná ẹ! Ṣé o fẹ́ fi gbẹ́ kànga ni? Àgbàyà! Irun yẹn ńkọ́? Àbí o fẹ́ kí ẹyẹ wá yé síbẹ̀?”

Nọ́ọ̀sì ní kó rọra. Àǹtí mi ń bá mi wí lọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo di ìbora mú, mo ń rẹ́rìn-ín.

“Ẹ máa bá mi wí, àǹtí,” ni mo ń sọ. “Ẹ ṣáà máa bá mi wí.”