Òkè Ńlá Kọ̀, Kò Sọ̀kalẹ̀

Lọ́jọ́ tí Ògiri oníjàkadì gbé Òkè Ńlá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ti di olóògbé báyìí, sókè láti là á mọ́lẹ̀, Òkè Ńlá dì mọ́ ọn lórí, ó kọ̀, kò sọ̀kalẹ̀. Ìjàkadì tí wọ́n fi ń jẹun ni o! Wọ́n ti ṣàdéhùn nínú yàrá ìmúra pé ní ìṣẹ́jú kẹta, Ògiri yóò jù ú, rẹfirí yóò kà á jáde, ó parí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sílẹ̀, ìṣẹ́jú kẹta ti kọjá!"

"N ò bọ́ sílẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n jù yín?"

"Mo ti yí i padà. Ìyàwó mi wà láàárín àwọn òǹwòran."

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, ló fà á. Ó ti sú u láti máa lẹ ṣòkòtò ìjà. "Ogún ọdún lo ti ń ṣubú," ló sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Bí mo bá rí ẹ̀yìn rẹ nílẹ̀ lónìí, ìjàkadì parí nìyẹn. Wàá wá máa bá mi rán bọ́tìnì." Ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà á ju gbogbo òmìrán tó ti bá jà lọ.

Ọkùnrin náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju tábìlì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Òkè Ńlá. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n fẹ́ wọn àwọn oníjàkadì, ó mu omi yó, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra wọn, síbẹ̀ kò tẹ̀wọ̀n tó. Ó ní kí akọ̀wé ti fèrèsé, afẹ́fẹ́ ló ń gbé òun sókè.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣubú bíi tirẹ̀. Òun ló kọ́ Ògiri: àgbọ̀n mọ́ àyà, kí apá kọ́kọ́ kan ilẹ̀.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Ògiri fi í yí títí òòyì fi kọ́ Ògiri fúnra rẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀ gbì, aago ìparí ìjà sì dún. Kí rẹfirí tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, Òkè Ńlá ti fò dìde, ó ti dé ibi okùn tó yí pápá ìjà ká, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yìn mi kanlẹ̀?"

"N ò rí i," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó sì tún fi ọdún mọ́kànlá jà sí i.

Lẹ́yìn ìsìnkú Òkè Ńlá, Ògiri lọ kí opó náà ní yàrá ìránṣọ.

"Ìyá, lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n kanlẹ̀, àbí kò kanlẹ̀?"

"Ó kanlẹ̀ dáadáa. Mo rí i kedere."

"Ẹ wá purọ́ fún wọn!"

"Inú rẹ̀ ń dùn, ọmọ mi. N ò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ tó bá lọ jà lẹ̀rù ń bà mí, ṣùgbọ́n bó bá ti wọlé tó ń fi hàn mí bí wọ́n ṣe jù ú, ilé á kún." Ó fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀. "Ilé yìí ti wá tóbi jù fún mi."