Ìgbà tí Ogun Ká Àbúrò Mi Mọ́ Ukraine

Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà nílé iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Sango nígbà tí fóònù gbọ̀n lápò mi. Wọn kì í jẹ́ ká gbé e wọlé, ṣùgbọ́n ogun ti bẹ̀rẹ̀ ní Ukraine, àbúrò mi ọkùnrin sì wà níbẹ̀. Mo sáré wọ ilé ìtọ̀.

"Àǹtí mi, wọ́n ti wọlé o."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ṣójà Rọ́ṣíà. Wọ́n wà ní títì, lábẹ́ fèrèsé wa. Mò ń wò wọ́n báyìí."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀kọ́ ìṣègùn ló ń kọ́ níbẹ̀, ó ku ọdún kan péré kó di dókítà. Nígbà tí a kọ́kọ́ ń gbọ́ pé ogun ń bọ̀, bàbá wa ní kó máa bọ̀ nílé. Èmi ni mo ní kó dúró, kó má lọ fi ìdánwò sílẹ̀ nítorí àgbọ́sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó tètè lọ ti dé Poland kí àwọn ṣójà tó gba ìlú wọn. Òun wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀, níbi tí ìyá arúgbó tó nilé ti ń fún wọn ní ọ̀dùnkún kọ̀ọ̀kan lójúmọ́.

Bàbá kì í kúrò nídìí rédíò mọ́. Wọ́n bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé kò sọ́nà igbó níbẹ̀ ni? Ní Ìdíròkò níbí, bí wọ́n tiẹ̀ ti bodè, ṣebí àwọn èèyàn ṣì ń kọjá?"

Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti ri bọ́ǹbù mọ́ inú igbó."

Láàárọ̀ Sátidé kan, Bàbá dìde láti tan rédíò, wọ́n sì ṣubú. Apá ọ̀tún rọ, ẹnu sì wọ́. A ò sọ fún àbúrò mi. Bó bá ti ní ká fún Bàbá ní fóònù, ìyá wa á ní, "Wọ́n ti sùn."

Ó lé lóṣù kan kó tó rí bọ́ọ̀sì gbé e jáde. Ó dé Ọ̀tà pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ Bàbá mú, ó gbé e sókè, ọwọ́ náà já lulẹ̀.

"Ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un.

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Ká ní a sọ ńkọ́, kí lo fẹ́ ṣe?"

Ó gbé ọwọ́ náà padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Òjò ọdún náà kò tíì dá tí a fi sin Bàbá.

Àwọn yunifásítì níbí ní kó mú ìwé èsì ìdánwò rẹ̀ wá. Àwọn tó lè buwọ́ lù ú lọ́hùn-ún ti fọ́nká. Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó ní agbára òun ò gbé e mọ́. Ọ̀kadà ló ń gbé e lọ sí Igbesa láràárọ̀ báyìí, níbi tó ti ń kó táìlì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ yàrá sínú ọkọ̀ nílé iṣẹ́ kan. Wọ́n ń pè é ní Dókítà níbẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ó máa ń jẹ́ wọn.

Ìyá wa ṣì ń gbàdúrà pé yóò parí ẹ̀kọ́ náà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo kàn máa ń ṣe àmín ni.