Ògiri Tí Wọ́n Ń Fi Omi Mu

Bíríkìlà ni Akínbíyìí, ọmọ Ìkirè, ọdún 1999 ló sì ti dé Borokiri ní Port Harcourt. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni kó parọ́, ì báà jẹ́ fún onílé tó gbéṣẹ́ fún un, ì báà jẹ́ fún fadá.

Ní ọdún 2003, ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan wá pè é. Abúlé apẹja ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà. Téèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Abuloma, kò níí ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Màríà Ìyá Aláàánú ni wọ́n ń pè é. Akínbíyìí tó ti rí oríṣiríṣi ilé láyé yìí, ńṣe ló dúró tó ń wò ó. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ló ní, gbogbo wọn kọjú sí odò, torí inú ọkọ̀ ni àwọn tó ń wá síbẹ̀ látijọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gbé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ga dé àyà géńdé kí omi má baà wọlé. Igi ẹ̀gbà tó ń hù lẹ́bàá odò ni wọ́n fi ṣe òrùlé, wọn ò kan ìṣó kankan mọ́ ọn, okùn ni wọ́n fi dì í. Kò ní ilé gíga tí wọ́n ń gbé agogo sí, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ jù. Ìta ni agogo wà láàárín òpó méjì, bí ẹni tó jẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ní kó má wọlé. Ògiri rẹ̀ gan-an wá ni iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí. Amọ̀ ni, wọ́n gún ìkarahun ìsáwùrú pò mọ́ ọn, ó sì nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ méjì.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn baba ńlá abúlé náà ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ṣànpọ̀nná jà létí odò, ṣùgbọ́n kò mú ìkankan nínú àwọn obìnrin tó ń fẹsẹ̀ po amọ̀. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn, èmi kò sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ bá ti pé, tí í ṣe ọjọ́ Ìgbàsókè Màríà, èrò á ya wá láti Bonny, láti Ogoni, títí dé Aba. Wọ́n á fi èékánná ha ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère Màríà, wọ́n á pò ó mọ́ omi, wọ́n á mu ún.

Nígbà tí Akínbíyìí ti ọwọ́ bọ ihò tí wọ́n ti ha, ihò náà gbé apá rẹ̀ mì dé ìgbọ̀nwọ́. Ó fi sìmẹ́ǹtì dí i. Lọ́dún kejì, àwọn èrò fi sìmẹ́ǹtì sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ère. Ó fi irin dínà. Àwọn ìyá ìjọ tú irin. Ìgbìmọ̀ kọ ìkìlọ̀ sára pákó. Àwọn èrò ha pákó. Ìgbìmọ̀ ní kó kúkú padà sí amọ̀, kó máa wá dí i bí oṣù Kẹsàn-án bá ti wọlé. Ẹ̀yìn ṣáláńgá àwọn fadá ló ti ń gbẹ́ amọ̀ náà, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti dì dáadáa. Kó tó pé ọdún mẹ́wàá, kò sí amọ̀ àtijọ́ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère. Gbogbo ohun tí àwọn èrò ń mu, Akínbíyìí ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ. Ó sọ fún fadá. Fadá ní òun náà ti sọ ọ́ nínú ìwàásù, wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì tò lọ síbi ògiri.

Ọ̀rọ̀ náà a máa pa Akínbíyìí lẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó di ọdún 2016 tí kókó yọ lọ́mú Kíkẹ́, ìyàwó rẹ̀.

Dókítà ní kí wọ́n tètè wá gé e, pé kò tíì tàn ká. Kíkẹ́ ní òun á kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Màríà ná. Ó lọ lóòótọ́, ó sì gbé amọ̀ bọ̀ nínú ike. Nígbà tí Akínbíyìí rí ike yẹn lórí tábìlì, ó gbé e, ó sì kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Kíkẹ́, jọ̀ọ́, gbọ́ mi. Èmi ni mo fi amọ̀ yìí síbẹ̀. Ẹ̀yìn ṣáláńgá ni mo ti gbẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀, Baba Lẹ́wà. Gbogbo bíríkìlà tó wà ní Port Harcourt, ẹ̀yin ni wọ́n wá pè. Ẹ ò rí i pé èmi ni Ọlọ́run ń pèsè ẹ̀ sílẹ̀ fún?"

"Dókítà ní kò gbọdọ̀ pẹ́ o."

"Kò níí pẹ́. Ẹ jẹ́ n lò ó tán ná."

Òótọ́ tó rò pé yóò la ìyàwó òun lójú ló tún so ó mọ́ amọ̀ náà pinpin. Ó bẹ̀bẹ̀, ó bínú, ó kọ oúnjẹ rẹ̀, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti Ìkirè. Ó mú fadá wá sílé, fadá sì ṣàlàyé pé Ọlọ́run náà ló dá dókítà. Kíkẹ́ dáhùn pé, "Àmín, Fadá," ó sì po ti àárọ̀ ọjọ́ náà mu. Ọmọ́lẹ́wà, ọmọ wọn tí wọ́n bí sí Borokiri, tí Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, fa bàbá rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé.

"Daddy, I beg, no ever help am bring that mud come this house."

Akínbíyìí ṣèlérí. Ni Kíkẹ́ bá ń dá wọkọ̀ ojú omi lọ bù ú fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó wọlé dé, ó di ẹnu ọ̀nà mú, kò lè sọ̀rọ̀, ó kàn ń mí gùlegùle. Akínbíyìí kò lè wò ó. Lóṣù tó tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá a gbé amọ̀ náà wá. Àánú ló ṣe é, kò sí ohun mìíràn, ohun tó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù lọ títí dòní nìyẹn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án ni Kíkẹ́ tó gbà láti padà sílé ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti tàn ká. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Kíkẹ́ kú.

Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án ọdún náà pé, fadá ránṣẹ́ sí i pé ihò ti tún jìn. Àwọn ará ilé rò pé kò níí lọ. Ó lọ. Bí kò bá dí i, ògiri á wó lu èèyàn, ìyẹn náà á sì tún wà lọ́rùn rẹ̀. Ó gbẹ́ amọ̀, ó pò ó, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọnú ihò. Ìgbà tó máa fi wẹ̀yìn, obìnrin ará Okrika kan ti dúró tì í, ó pọn ọmọ kan tó ti rù kan egungun, ó tẹ́ aṣọ ìnujú lé àtẹ́lẹwọ́, ó ń retí kó parí.

"Madam, carry this pikin go hospital," Akínbíyìí sọ fún un. "Na me dig this mud with my hand. My wife drink am nine months. She don die."

Omi lé sójú obìnrin náà. Ó bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ó ní kí Ọlọ́run tẹ́ olóògbé sáfẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Oga, no vex. Na morning she dey drink am, abi na evening?"