Àwọn Wo Ló Ni Kábà?

Mo rántí ìgbà tí mo mọ ilẹ̀ Hóláǹdì ju Lọ́kọ́jà lọ. Mi ò tíì dé Lọ́kọ́jà rí nígbà náà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá sọ fún yín bí àwọn ará Hóláǹdì ṣe mọ odi sí etí òkun kí omi má bàa gba oko wọn. Mo mọ ibi tí odò Ọya ti ṣẹ̀ wá, mo mọ òkè tó ga jù ní Áfíríkà, mo sì mọ àwọn tó ń fi yìnyín kọ́lé. Bí èmi àti àwọn ìyàwó bàbá mi bá ń ṣa òwú lóko, màá nà ró láàárín wọn, màá máa ṣàlàyé yìnyín. Ìyáàlé ilé wa á ní, "Ṣé yìnyín yẹn ló máa bá wa ṣa òwú yìí?" Ẹ̀rín á sọ. Èmi ò ní bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó máa ń dùn mí pé wọn ò mọ bí mo ṣe gbọ́n tó.

Àárín àwọn ọdún 1950 ni mò ń wí. Mo wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ìwé wa ní Kábà, mo sì ti dàgbà díẹ̀, nítorí wọn ò tètè fi mí sílé ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọbìnrin tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti wà nílé ọkọ. Mùsùlùmí ni bàbá mi, oníṣòwò ni. Ó máa ń gbé aṣọ tí àwọn obìnrin ilẹ̀ Bùnú nítòsí wa hun lọ sí Bídà ní ilẹ̀ Tápà, á sì kó ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀. Ó ti sọ fún mi pé òun ò ní jẹ́ kí n lọ sí ilé ìwé tó jìnnà láéláé, àfi tí ìjọba fúnra rẹ̀ bá ní òun fẹ́ mi. Ó rò pé òun ti ti ilẹ̀kùn yẹn pa. Èmi ní tèmi gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ti gbà.

Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn kọjá àlà nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé wa kéde pé òyìnbó tó ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ilé ìwé fẹ́ ṣe ìdíje ìbéèrè ní Kábà. Ìbéèrè nípa oríṣiríṣi ìlú ni: ibi tí wọ́n wà, ìtàn wọn, àti àṣà wọn. Ẹni tó bá gbégbá orókè, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ìjọba á fún un ní àyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Èmi ni ọ̀gá yàn láti dúró fún ilé ìwé wa. Ó jókòó tì mí lójoojúmọ́ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti lọ sílé, ó sì ń da ìbéèrè bò mí títí ẹnu mi fi gbẹ.

Lọ́jọ́ ìdíje, pápá ilé ìwé kún. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ló jókòó níwájú: èmi, ọ̀kan láti Iffe ní ilẹ̀ Ìjùmú, àti ọmọkùnrin gíga kan láti Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Ìyàgbà. Àwọn àgbààgbà ìlú wà lábẹ́ igi, àwọn obìnrin sì wà lápá kejì, ìyá bàbá mi jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Òyìnbó ń fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè, àwa náà ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, akọ̀wé kan sì ń túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ Hóláǹdì, mo gbọ́ tí ìyáàlé ilé wa pariwo pé, "Ó mà wà lóòótọ́!"

Akẹ́kọ̀ọ́ Iffe kọ́kọ́ ṣubú. Èmi àti ti Ẹ̀gbẹ̀ ló kù, máàkì wa ò sì jìnnà síra rárá. Òyìnbó ní ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù, èmi ni òun á sì kọ́kọ́ bi. Ó wo inú ìwé rẹ̀, ó ní, "Kí àwa òyìnbó tó dé, àwọn wo ló ni Kábà?"

Mo mọ ohun tó fẹ́ gbọ́. Ó wà nínú ìwé tí ọ̀gá fi kọ́ mi, mo sì ti kà á sórí bí ẹní kéwú: Tápà ló ni ín. Ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó jókòó sí. Mo la ẹnu, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé ṣe túmọ̀ ìbéèrè náà, ojú mi lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi.

Ọmọdé ni ìyá yẹn nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń wá. Gbogbo ọmọ Owé, ìyẹn àwa ará Kábà, tó dàgbà ló mọ ìtàn náà: a sá gun orí òkè, a pa ebi mọ́nú, àwọn míì jà, wọ́n sì kú. Nígbà tí ogun rọlẹ̀, àwọn Tápà ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá bàbá mi obìnrin wà lára àwọn tí wọ́n mú lọ. Kò padà wá. Títí di ìgbà tí mò ń sọ yìí, bí àlejò kan bá ti ọ̀nà Bídà dé, ìyá á gbé omi fún un, á sì béèrè bóyá ó mọ obìnrin arúgbó kan níbẹ̀ tó ní èjí láàárín eyín, tó sì ń fi ọwọ́ òsì jẹun.

Mo dìde. Mi ò dá a lóhùn lédè Gẹ̀ẹ́sì. Mo ní, "Àwa ni."

Akọ̀wé wo òyìnbó, ó wò mí. Kò sí ohun tó fẹ́ túmọ̀, gbogbo pápá ti gbọ́.

Òyìnbó ní, "Bóyá ìbéèrè yẹn ò yé ọ. Àwọn wo ló ń ṣàkóso, tí ẹ ń sanwó òde fún?"

Mo wá sọ Gẹ̀ẹ́sì báyìí. "Ó yé mi, sà. Wọ́n jà wá lógun, wọ́n sì kó wa lẹ́rú. Ẹni tó kó wa kọ́ ló ni wá. Àwa la ni Kábà."

Ariwo sọ lábẹ́ igi. Ọ̀gá fi ọwọ́ bo ojú. Òyìnbó fi pẹ́ńsùlù fa ìlà kan, ó sì kọjú sí ọmọkùnrin Ẹ̀gbẹ̀. Ọmọ náà wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Tápà ni, sà." Bí wọ́n ṣe fún un ní àyè náà nìyẹn.

Ẹkún ni mo gbé délé. Ìyá bàbá mi ò yìn mí, kò sì rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó kàn fi etí aṣọ rẹ̀ nu ojú mi, ó ní kí n lọ jẹun. Ọ̀gá ló wá bá wa ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun ti bẹ òyìnbó, òyìnbó sì ní òun lè wá àyè kejì, tí mo bá lè wá sí ilé àlejò ìjọba láàárọ̀ kí n sọ pé mo ṣì í sọ ni. Bàbá mi ní òun máa tẹ̀ lé mi.

Bàbá mi ló ṣáájú lọ́nà. Mo mọ̀ pé bàbá mi ní àwọn ọ̀rẹ́ àtàtà ní Bídà, ọ̀kan lára wọn ló sọ àbúrò mi lórúkọ. Mo rò pé ó fẹ́ fà mí lé òyìnbó lọ́wọ́ ni kí àlàáfíà lè wà.

Òyìnbó ṣe dáadáa sí wa. Ó fún bàbá mi ní àga. Ó ní, "O gbọ́n gan-an. Sọ pé o gbàgbé ni, kò sí nǹkan míì."

"Mi ò gbàgbé, sà."

Ọ̀gá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Bàbá mi ní, "Kí ló wí?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Ìwọ máa bá mi túmọ̀. Sọ fún un pé mo ti ń ná Bídà láti ìgbà tí mo ti wà ní ọ̀dọ́. Mi ò bá wọn jà, wọn ò bá mi jà. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà tí mo dé ibẹ̀ tí mi ò wo ojú àwọn obìnrin ọjà, bóyá màá rí ẹni tó jọ ìyá mi. Sọ fún un pé mi ò ní jẹ́ kí ọmọ mi sọ pé àwọn tó mú ẹ̀gbọ́n ìyá mi lọ ló ni wá."

Mo túmọ̀ rẹ̀ látòkè délẹ̀. Òyìnbó ní òun bá wa kẹ́dùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn tó wà nínú ìwé ni òun lè gbà. Bàbá mi dìde, ó ní, "Okun o," bí a ṣe máa ń kí ara wa, a sì lọ.

Mi ò dé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi tó ní mi ò ní lọ jìnnà, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi lọ sí Iffe nígbà tí ilé ìwé kékeré kan níbẹ̀ ń wá ẹni tó lè kọ́ àwọn ọmọdé. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe tí mo fi ń kàwé, ó sì pẹ́ gan-an kí n tó gba ìwé ẹ̀rí tí àwọn ẹgbẹ́ mi gbà wẹ́rẹ́. Kí n tó kọ́ àwọn ọmọ nípa odò Ọya, màá kọ́kọ́ kó wọn gun òkè, màá ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ìlú tí ojú wọn tó. Aláyẹ̀wò kan wá bá wa lórí òkè lọ́jọ́ kan, ó ń mí gúlegúle, ó ní kí là ń ṣe níbẹ̀. Mo ní, "Jọ́gíráfì ni, sà. Ẹ jókòó, a ò tíì parí."

Mo ti darúgbó báyìí. Ìyá bàbá mi kú láì gbúròó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bàbá mi náà kú láì rí ojú tó ń wá. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ṣì ń dùn mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ìgbà míì mo máa ń ro irú ẹni tí ǹ bá dà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dá mi padà sí pápá yẹn lónìí, ohun kan ṣoṣo ni màá yí padà: màá sọ ọ́ kí ohùn mi ròkè ju bẹ́ẹ̀ lọ.