Àmì tí Bàbá Nọ́ọ̀sì Tẹ̀

Nọ́ọ̀sì kan ti lé lógójì ọdún kó tó pinnu láti ṣe ìdánwò agbẹ̀bí. Àwọn ọmọdé tí wọ́n jọ ń kàwé, bí wọ́n bá ti ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn. Orí tirẹ̀ dà bí ajere: bó ṣe ń bu omi sí i ló ń jò. Ọ̀kan nínú wọn ló bá a fi áàpù kan tó ń lo káàdì ìbéèrè sórí fóònù. Ìbéèrè á wà níwájú káàdì, ìdáhùn á wà lẹ́yìn. Ohun tó wù ú jù níbẹ̀ ni àmì, ìyẹn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè lẹ̀ mọ́ iye káàdì tó bá fẹ́. Bó bá tẹ “Ẹ̀jẹ̀,” gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀jẹ̀ á tò wá. Bó bá tẹ “Ó le,” àwọn tó máa ń gbàgbé á jáde.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ ilé síbẹ̀ náà, ó sì ń fún wọn ní àmì tiwọn.

Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ látìgbà tí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ń lọ aṣọ, bàbá á gba fóònù, wọ́n á wọ awò ojú, wọ́n á máa bi í ní ìbéèrè bí ọ̀gá ilé ìwé.

“Nọ́ọ̀sì, tó ò bá gba eléyìí, wàá kúnlẹ̀ o.”

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, bàbá béèrè pé, “Èwo la fẹ́ ṣe lónìí?”

“Ẹ tẹ ‘Ó le,’ Bàbá mi.”

Ìka káfíńtà kì í ṣe ìka kékeré. Àmì tó wà lábẹ́ “Ó le” ni wọ́n tẹ̀. Wọ́n húkọ́ díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: “Páìpù tó ń jò. Lẹ́tà onílé. Eku inú àjà. Bàbá, oògùn aago mẹ́jọ. Bàbá, aṣọ ibùsùn, lẹ́ẹ̀kan sí i…”

Ohùn wọn lọ sílẹ̀. Wọ́n wo òkè fóònù, níbi tí orúkọ àmì náà wà. Ìnira.

Nọ́ọ̀sì dúró gbagidi tòun ti áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́.

“Mo ṣì í tẹ̀ ni,” ni bàbá wí. Wọ́n wá èyí tó tọ́, wọ́n bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá. Méjì péré ló gbà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ìkúnlẹ̀.

Bó ṣe gba fóònù padà, ó sáré yí orúkọ àmì náà sí “Ìdílé.” Ó ṣe é tán kó tó rí i pé gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló bá a yí: eku inú àjà ti di ìdílé. Ojú tún gbà á tì.

Látọjọ́ náà ni bàbá ti ń gbé ilé bí àlejò tí kò dá a lójú pé wọ́n fẹ́ òun. Wọ́n ń fọ abọ́ wọn fúnra wọn. Wọ́n ń fọ aṣọ ibùsùn ní balùwẹ̀, wọ́n á di ògiri mú. “Má ṣèyọnu” ló kù lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ karùn-ún, nọ́ọ̀sì gbé ìgò oògùn, ó rí i pé kò dín.

“Bàbá mi, ẹ ò lo oògùn?”

“Ìdérí ẹ̀ ló le. Mi ò fẹ́ dà ẹ́ láàmú.”

Ó kúnlẹ̀, ó tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ bọ́. “Èmi ni mo kọ ọ́, Bàbá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Mo mọ̀ pé ìwọ ni.” Wọ́n nawọ́ sí ìgò oògùn náà. “Nígbà tí ìyá mi dùbúlẹ̀ àìsàn, ohun tí mo sọ nínú mi ju tìẹ lọ. Kò kàn sí fóònù tí mo lè kọ ọ́ sí ni. Bá mi ṣí i.”

Ó ṣí i. Ká ní wọ́n bú u ni, ì bá sàn fún un.

Ó yege ìdánwò náà. Àwọn ará wọ́ọ̀dù yí i ká, wọ́n ní báwo ni ìyá àgbà ṣe rí i ṣe.

“Bàbá mi ló ń bi mí ní ìbéèrè.”

“Ẹ mà ríre o, Àǹtí. Bàbá tó ń gbé yín lẹ́yìn nìyẹn.”

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yára lọ tún ibùsùn tí wọ́n ti tẹ́ dáadáa tẹ́.